Dísìkì tó ń ké ká-ká-ká: ẹ kọ́kọ́ kó ẹrù inú rẹ̀ jáde

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ àgbà ni mí, mo ti fẹ̀yìntì, Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé. Ọmọ mi ló ra láptọ́ọ̀pù Dell Latitude E6420 kan fún mi, tòkunbọ̀ ni, ó sì ti tó ọdún méje báyìí. Láti bí oṣù mẹ́ta ni ó ti ń falẹ̀. Bí mo bá tàn án láàárọ̀, màá po ẹ̀kọ mi, màá mu ún tán, kò ní tíì ṣí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún ká-ká-ká nísàlẹ̀. Nígbà tí ọmọ-ọmọ mi fi ẹ̀rọ náà yẹ ara rẹ̀ wò, ó kọ 2000-0142 sójú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní àdúgbò wa ní kí n jẹ́ kí òun fọ́ọ̀mátì rẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí n gbé e sọnù kí n ra tuntun. Fọ́tò ọkọ mi tó ti di olóògbé wà nínú rẹ̀. Oríkì ìdílé wọn tí mo gbà sílẹ̀ lẹ́nu ìyá ọkọ mi kí wọ́n tó papò dà náà wà níbẹ̀. Èwo ni kí n ṣe? (Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, Ìjẹ̀bú-Òde)

ÌDÁHÙN: Mà, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Kí ẹ tó ka ìlà tó kàn, bí ẹ̀rọ náà bá wà ní títàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á. Ẹ má sì tàn án mọ́ títí ẹ ó fi ka ìdáhùn yìí dópin. Gbogbo ìṣẹ́jú tó bá fi ń ké yẹn, ara ohun tí ẹ fẹ́ gbà là ló ń jẹ.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ọ̀mátì rẹ̀, ìyẹn ni pé kó nu gbogbo ohun inú rẹ̀ nù. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn lè má ní èrò ibi kankan, ṣùgbọ́n ilé ló ń jó tí ó ní kí ẹ jẹ́ kí òun gbálẹ̀ rẹ̀ yẹn. Ẹ má sì sáré lọ ra láptọ́ọ̀pù tuntun. Kì í ṣe ẹ̀rọ yín ló ń kú. Háàdì dísìkì inú rẹ̀, ibi tó ń kó fáìlì pamọ́ sí, ló ń kú, èyí tó jẹ́ pé nọ́ọ̀tì méjì péré ni wọ́n fi dè é mọ́ inú E6420.

Ẹ̀yin tí ẹ bá giramafóònù láyé ni ọ̀rọ̀ yìí yóò tètè yé. Àwo wà nínú dísìkì, ó ń yí, ohun kan tó dà bí abẹ́rẹ́ sì ń rìn lókè rẹ̀, ó ń kà á. Bí ẹ bá wo lébẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀, ẹ ó rí 5400 tàbí 7200. Iye ìgbà tí àwo náà ń yí ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn. 5400 túmọ̀ sí pé ó ń yí nígbà 90 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ibi tó ti yàtọ̀ sí giramafóònù ni pé abẹ́rẹ́ tiẹ̀ kò gbọdọ̀ fara kan àwo rárá. Orí afẹ́fẹ́ ló ń léfòó, àlàfo tó sì wà láàárín òun àti àwo kéré ju ìnípọn irun orí kan lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bí abẹ́rẹ́ bá wá ojú ibi tó yẹ kó kà tì, a sá padà sí ibùsùn rẹ̀, a tún jáde, a tún sá padà. Sísá padà yẹn lẹ ń gbọ́ ní ká-ká-ká. Nọ́ńbà 2000-0142 yẹn náà, ohun tí Dell fi ń sọ pé dísìkì kò yege nínú ìdánwò ara rẹ̀ ni. Kò sí ẹ̀bẹ̀ mọ́ níbẹ̀. Dísìkì yẹn ń lọ.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tí mo ṣe, kí ẹ lè mọ ìdí tí mo fi le mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún kẹta tí mo la ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́kọ́lá ni akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan gbé ẹ̀rọ tó ń ké báyìí wá. Iṣẹ́ ìwádìí tó fẹ́ fi gboyè wà nínú rẹ̀, ibòmíràn kò sì sí tó kọ ọ́ sí. Mo fẹ́ ṣe é fún un kíá. Mo ní kí Windows yẹ dísìkì náà wò kó sì tún un ṣe, àṣẹ tí wọ́n ń pè ní chkdsk, mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Àṣẹ yẹn a máa wọ gbogbo kọ̀rọ̀ dísìkì, a máa kà á, a sì máa kọ nǹkan sí i. Oògùn ni fún dísìkì tí ara rẹ̀ le tí ètò fáìlì rẹ̀ dàrú. Fún èyí tó ń kú, iṣẹ́ àṣekú ni. Nígbà tí mo dé láàárọ̀, kò ké mọ́, kò sì yí mọ́. Ọmọ náà jókòó lórí bẹ́ǹṣì mi, kò sọ̀rọ̀, kò sunkún, ó kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀. Mo ṣì ń rí i lójú mi títí dòní. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ tó ń ké wá bá mi, n kò ní bá yín sọ̀rọ̀ Windows, n kò ní bá yín sọ̀rọ̀ owó, àfi ìgbà tí fáìlì yín bá ti wà níbi méjì.

Báyìí ni kí ẹ ṣe é, tàbí kí ẹ dúró ti ẹni tó ń bá yín ṣe é. Ẹ yọ ṣájà, ẹ sì yọ bátìrì. Ẹ tẹ́ aṣọ mímọ́ sórí tábìlì, ẹ dojú ẹ̀rọ dé. Bó bá jẹ́ àsìkò ọyẹ́, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin fèrèsé. Iná kékeré tó máa ń ta wá bí a bá ń bọ́ aṣọ nígbà ọyẹ́, ó tó láti ba nǹkan inú kọ̀ǹpútà jẹ́. Ẹ tú nọ́ọ̀tì méjì tó di dísìkì mú. Irin olórí àgbélébùú tó bá wọn mu gan-an ni kí ẹ lò, torí èyí tó kéré jù yóò jẹ orí nọ́ọ̀tì, a ó sì máa fi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan jà. Lẹ́yìn náà ẹ fi èékánná fa dísìkì láti ẹ̀gbẹ́. Ó máa ń lọ́ra nígbà àkọ́kọ́, pàápàá fún ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú láti ọdún 2011 tí irú rẹ̀ jáde. Ẹ rọra mì í sọ́tùn-ún sósì, yóò jáa kúrò lẹ́nu ihò iná rẹ̀, yóò sì yọ́ wá sọ́wọ́ yín. Nǹkan fàdákà pẹlẹbẹ kan ni, kò tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Ẹ̀yin náà yóò wò ó pé ṣé inú èyí ni gbogbo ọdún yẹn wà.

Wáyà kan wà tí ẹnu rẹ̀ kan jẹ́ SATA, èyí tó ń wọ dísìkì, tí èkejì jẹ́ USB. Kò wọ́n, gbogbo ẹni tó ń ta ohun èlò kọ̀ǹpútà ló ní in. Ẹ fi so dísìkì mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn tí ara rẹ̀ yá. Bó bá ti hàn, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Oríkì ni kí ẹ kọ́kọ́ kó, nítorí ẹnu tó kì í ti dákẹ́. Fọ́tò bàbá ló tẹ̀ lé e. Ìwé owó ìfẹ̀yìntì àti àwọn lẹ́tà yín, lẹ́yìn náà. Fíìmù àti orin tí ẹ lè tún rí níbòmíràn, ẹ fi sílẹ̀ pátápátá. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké láàárín, ẹ yọ ọ́, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tó tún gbìyànjú. Ẹ̀dà kan sí kọ̀ǹpútà yẹn, ẹ̀dà kejì sí fúláàṣì tí yóò wà lọ́dọ̀ ọmọ yín nílé tirẹ̀.

Bó bá hàn ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ jẹ́ kí ẹ kó nǹkan, ẹ bi oníṣẹ́ tó fẹ́ gbà á léèrè pé, “Ṣé ẹ mọ ddrescue lò?” Ètò ọ̀fẹ́ ni, orí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọgbọ́n tó ní ni pé ó máa ń kó ibi tó rọrùn ṣáájú, a fo ibi tó ti bàjẹ́, lẹ́yìn náà ló tó padà wá bá ibi tó le náà jà díẹ̀díẹ̀. Bí oníṣẹ́ yẹn kò bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gbé dísìkì yín. Bí kò bá wá hàn rárá, tó kàn ń ké, ẹ dúró níbẹ̀. Àwọn tó ń gba fáìlì là gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ló kàn, owó wọn sì ga. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ gbé e sínú fírísà, ẹ má gbọ́. Omi tó máa ń mú lára nǹkan tútù yóò mú lórí àwo náà. Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣí ìdérí rẹ̀ lórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹyọ eruku kan ṣoṣo ga ju àlàfo tí abẹ́rẹ́ fi ń léfòó lọ.

Ìgbà tí fáìlì bá ti wà níbi méjì la tó lè sọ̀rọ̀ ohun tí ẹ ó fi rọ́pò rẹ̀. SSD ni kí ẹ rà, òun náà ń kó fáìlì pamọ́ bíi dísìkì. Kò ní àwo, kò ní abẹ́rẹ́, kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé SATA ni ẹ fẹ́, íǹṣì 2.5, mìlímítà 7 ní ìnípọn. Irú kan wà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ṣingọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní M.2. Ìyẹn kò ní àyè nínú ilé dísìkì ẹ̀rọ yín, bí ó ti wù kó dára tó. 240 tàbí 256 GB tó yín lò. Ẹ fi nọ́ọ̀tì de SSD mọ́ férémù tí ẹ yọ dísìkì àtijọ́ kúrò nínú rẹ̀, ẹ tì í wọlé títí yóò fi jókòó, ẹ dá nọ́ọ̀tì méjì padà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ ó wá bi mí pé kí ló fà á tí ẹ̀kọ fi ń tán kí ẹ̀rọ tó ṣí. Bí Windows bá ń jí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké ló ń pè, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ rìn lọ, kó sì dúró kí àwo yí ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó máa ń gbà tó ìdá kan nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà kọ̀ọ̀kan, ẹ wá fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún sọ ọ́ di púpọ̀. SSD ń ṣe é ní nǹkan bí ìdá kan nínú 10,000. Mo ti fi SSD sínú ọ̀pọ̀ E6420. Kí onítọ̀hún tó bu omi mu, ó ti ṣí. Mo fẹ́ràn láti máa wo ojú wọn nígbà náà, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá rí àgbàlagbà tó dìde láì di ọ̀pá mú.

Ní ti ohun tí ẹ ó fi sínú rẹ̀: Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ààbò fún Windows 10 dúró ní October 14, 2025, àfi ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ààbò ọdún kan. Ẹ̀rọ ìgbà 2011 kò sì sí nínú àwọn tí Microsoft gbà fún Windows 11. Bó bá jẹ́ Windows 10 lẹ ṣì fẹ́, tó sì jẹ́ pé òun ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ìwé àṣẹ, ẹ kò ní tún san owó rẹ̀, torí pátákó ẹ̀rọ ni wọ́n so ìwé àṣẹ rẹ̀ mọ́, kì í ṣe dísìkì. Ẹ fi kọ̀ǹpútà tó ní íntánẹ́ẹ̀tì kó Windows náà sí fúláàṣì 8 GB kan, ẹ kì í bọ ẹ̀rọ yín, ẹ tẹ F12 bí orúkọ Dell bá yọ, ẹ yan fúláàṣì náà, ó tán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ ìyá mi, Linux Mint ni màá fi síbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ara rẹ̀ fúyẹ́ fún ẹ̀rọ àgbà, ààbò rẹ̀ ṣì ń wọlé déédéé. Àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá sì wà nínú rẹ̀, tí ẹ ó fi lè kọ ẹ, ọ àti ṣ pẹ̀lú àmì lórí bó ti yẹ nígbà tí ẹ bá ń da oríkì yẹn kọ sínú ìwé. Mo ń bẹ̀ yín, Mà, ẹ dà á kọ.

Ọ̀rọ̀ méjì ló kù. Ẹ gba dísìkì àtijọ́ yín padà lọ́wọ́ oníṣẹ́, kódà bó bá ní kò wúlò mọ́. Ẹni tó bá ní wáyà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan lè ka ohun tó bá kù nínú rẹ̀. Ẹ fi aṣọ wé e sínú àpótí yín. Èkejì ni bátìrì. Mo fẹ́ẹ̀ lè búra pé bátìrì yín ti kú tipẹ́, pé ṣájà nìkan lẹ fi ń lò ó. Bí NEPA bá ti mú iná lọ báyìí, ẹ̀rọ kú pii, bó tilẹ̀ ń kọ nǹkan lọ́wọ́. Ọdún méje irú ìyẹn wà lára ohun tó pa dísìkì yẹn. SSD náà kò fẹ́ràn rẹ̀. Nínú owó tí ẹ kò ná sí láptọ́ọ̀pù tuntun, ẹ yọ ti bátìrì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ra SSD 2 TB tí wọ́n ń fi USB so lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kiri ní Ìkẹjà, owó rẹ̀ pọ́ọ́kú. Mo fẹ́ tú u kí n fi sínú HP mi àtijọ́. Mo kọ́kọ́ kó fíìmù àti nóòtì mi sí i, àwọn tó kọ́kọ́ wọlé ń ṣí, àwọn tó kù kọ̀, bẹ́ẹ̀ orúkọ wọn wà níbẹ̀. Kí ló dé? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ayédèrú ni. Bí o bá tú u, ó ṣeé ṣe kí o bá káàdì kékeré bíi ti fóònù nínú rẹ̀, tí wọ́n kọ́ láti purọ́ pé òun jẹ́ 2 TB. Bí àyè gidi tó ní bá kún, yóò máa gbà, yóò máa kọ orúkọ fáìlì sílẹ̀, ṣùgbọ́n fáìlì gan-an kò sí níbì kan. Má ṣe pa nóòtì rẹ rẹ́ níbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ètò kan wà tó ń jẹ́ H2testw fún Windows, F3 sì ni ti Linux. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Wọn yóò fi nǹkan kún un, wọn yóò sì kà á padà láti mọ ibi tí irọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣe é, ya fọ́tò àbájáde rẹ̀, kí o gbé e padà bí o bá ṣì lè rí ẹni náà. Nígbà mìíràn, ṣọ́ọ̀bù tó ní òrùlé, tó ń fúnni ní rìsíìtì, ni kí o ti rà á, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó ń rìn. Owó oúnjẹ ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n jẹ yẹn, ó dùn mí gan-an.

ÌBÉÈRÈ: Peckham, ní London, ni mo ti ń kàwé yín. MacBook Pro oníǹṣì 13 ti ọdún 2012 ni mo ní. Àwòrán fódà tó ní àmì ìbéèrè ń ṣẹ́jú lójú rẹ̀, mo bá ra SSD tuntun, mo fi rọ́pò dísìkì, mo fi macOS sí i. Ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, fódà yẹn tún padà dé. Ṣé SSD ni kò dára? (Òǹkàwé, London)

ÌDÁHÙN: Mo rò pé wáyà ni. Nínú irú MacBook yẹn, wáyà pẹlẹbẹ kan tó fẹ́lẹ́ bíi rìbọ́nnì ló so dísìkì mọ́ pátákó ẹ̀rọ. Ara aluminiọ́ọ̀mù ẹ̀rọ náà ló fara tì, ó ń fara ra á, bó bá sì yá, yóò ya sínú níbi tí ojú kò ti lè rí i. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí, wáyà yẹn ló kọ́kọ́ máa ń fura sí.

Kí ẹ tó ná owó kankan, ẹ yọ SSD náà, ẹ fi wáyà SATA sí USB so ó láti ìta, ẹ di bọ́tìnnì Option mú bí ẹ bá ń tàn án, kí ẹ yàn án. Bó bá ṣí tó sì ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan láì dá fódà yẹn padà, SSD kò jẹ̀bi. Ẹ ra wáyà tuntun tó jẹ́ ti 13 Mid 2012 gan-an. Nọ́ọ̀tì mẹ́wàá ló wà lábẹ́ ẹ̀rọ, mẹ́ta nínú wọn gùn ju ìyókù lọ, ẹ rántí ihò tí ẹ ti yọ wọ́n. Ẹ já bátìrì kúrò lára pátákó kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Ẹ má ká wáyà tuntun náà ní kíká tó mú bí ìgbà tí a bá ń ká ìwé lẹ́tà. Igun rẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ kó rọ. Bó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ẹ kò tíì ju dísìkì àkọ́kọ́ tí ẹ yọ nù, ẹ fi USB so òun náà wò. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nǹkan kan kò ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀, pé gbogbo fáìlì yín ṣì jókòó sínú rẹ̀.